Àǹtí Ìròyìn Fẹ́ Sọ̀rọ̀

Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ ọ́n látòkèdélẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará ilé wa." Ó parí. Kí ló wá le níbẹ̀? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọhùn á sọ ọ́, á tún tọrọ bisikíìtì lé e. Àmọ́ èmi... bí mo bá ti ní "Ẹ" báyìí, "kú" á lọ jókòó sí mi lọ́nà ọ̀fun, á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, á ní òun ò lọ síbì kan. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti pẹ́ tá a ti jọ ń fà á.

Tí mi ò bá kí wọn ńkọ́? Tí mo bá kàn dìde, tí mo ní "Mo gbà," tí mo sì jókòó padà... Háà, rárá o. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ jókòó báyìí, tàgbà tèwe, kí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀gá dìde, kó má kí èèyàn? Wọ́n á ní ipò ti ń gùn mí kí n tó dé orí àga. Èèyàn ò lè jẹ́ ọ̀gá ní èdè yìí kó má sọ "kú." Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ojú lọ́nà. Béèyàn wọlé, ẹ kú. Béèyàn jáde, ẹ kú. Béèyàn ò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan rárá, tó kàn fìdí lé àga, ẹ kú ìjókòó! Ta ló ṣe èdè báyìí? Ṣé kò ní akólòlò nílé ni?

Ó ti dé orí òrùlé. Yéè, Bàbá Jẹ́jẹ́ ti ka ìròyìn dé orí òrùlé! Ṣebí ìsìnyí ló gun pèpéle? Gbogbo wa la sọ ọ́ ní Bàbá Jẹ́jẹ́, nítorí láti ìgbà tó ti ń ṣe ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, kò sẹ́ni tó rí i kó yára rí. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, o lè lọ fọ aṣọ, kó o sá a, kó o padà wá bá a níbi tó o fi í sí. Òní tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, òní tí mo fẹ́ kó falẹ̀, òní ló wá ń sáré bí ẹni tó gbé ìkòkò kaná. Ìròyìn tí mo kọ fún un ló ń kà fún àwọn òṣìṣẹ́. Òrùlé ilé iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjì ká lọ, wọ́n ti kàn án padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìkàwé. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá tuntun fún ẹ̀ka iná mànàmáná. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi ìgbọ́kọ̀sí. Lẹ́yìn ìyẹn... èmi.

Tàbí kó má jẹ́ èmi.

Àná ló pè mí wọ ọ́fíìsì. Ó ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí mo fi rò pé ó ti gbàgbé mi. "Ìgbìmọ̀ ti jókòó. Ìwọ ni wọ́n mú láti gba ipò mi." Mo wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíì ló ń bá wí. "Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi tipá dì í rù ẹ́. Lọ́la, bí mo bá ka ìròyìn tán, màá wojú ẹ. Bí o bá gbà, dìde, wá gba máìkì, kí o fẹnu ara ẹ sọ fún wọn. Bí o ò bá gbà, wolẹ̀. Á yé mi. Màá pe Akápò, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Mo fẹ́ bi í pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnu. Kí ló dé tí mi ò lè kọ ọ́ sínú ìròyìn ọjọ́ Ẹtì, bí mo ti ń kọ gbogbo nǹkan? Mo ní "K—." Ó dúró. Mo ní "K—." Ó ṣì dúró. Mo ní ó dàbọ̀, mo jáde.

Nítorí lórí ìwé, ta ló tó mi? Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń kọ ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn òṣìṣẹ́. Ta ló gba ìgbéga, ta ló bímọ, ògiri wo ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fara tì, ta ló gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá ìpàdé lọ sílé tó ní òun kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Àǹtí Ìròyìn. Lórí ìwé, ahọ́n mi mú bí abẹ. Nínú orí mi náà sì nìyí: kọ́lẹ́ẹ̀jì, káńtíìnì, kíláàsì, kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ̀! Bí mo bá lè ṣí orí mi sílẹ̀ kí wọ́n yọjú wò ó, wọn ò ní gbà pé èmi ni. Rédíò gan-an á ní kí n sinmi.

Rédíò. Òun ni Akápò wa. Mi ò sọ ọ́ láìdáa o, gbogbo èèyàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀, òun náà ń dáhùn. Ọkùnrin náà lè sọ̀rọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ "ẹ kú àárọ̀," kó tó parí ẹ, ọ̀sán ti pọ́n. Ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lówùúrọ̀ yìí, ó ti gbọ́ fìnrín-fìnrín, ó ń rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín burúkú: "Àǹtí Ìròyìn, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀yin ẹ máa ronú, èmi á máa bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin orí, èmi ẹnu. Ṣé ẹ rí i?" Mo rí i. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí àtẹ̀gùn. Mo rí ara mi nínú ọ́fíìsì ńlá tí mò ń kọ̀wé, tí Rédíò ń lọ bá mi kí gbogbo ayé...

Lẹ́yìn náà ni mo rántí kéèkì.

Ọmọdé ni wá, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Màámi rán mi ní kóòmù ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dé ibẹ̀, mo ní "K—." Mo ní "K—." Àbúrò mi rí i pé ojú ń tì mí, ojú sì ń ti òun náà, ó bá yára bá mi parí ẹ: "Kéèkì!" Wọ́n dì í fún wa. A jẹ kéèkì, irun mi sì wà ní jákujàku lọ sílé ìwé. Kò fi ṣe ìkà o. Ọmọ dáadáa ni. Títí dòní ló ṣì ń bá mi parí ọ̀rọ̀. Ó pè mí lówùúrọ̀ yìí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n wá. Màá dúró lẹ́yìn yín. Bó bá há, màá bá yín sọ ìyókù, bá a ṣe máa ń ṣe." Mo ní "K—." Ó ní, "Ẹ ò fẹ́. Mo gbọ́, mi ò ní wá." Ó pa fóònù. Ohun tí mo fẹ́ sọ kọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ bi í pé kí lòun rò, ṣé mo lè ṣe é? Títí di bí mo ṣe jókòó yìí, mi ò mọ ohun tó rò.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gba ti Rédíò. Ẹni tó bá ń bá ọ parí ọ̀rọ̀, bó pẹ́ títí, òun ni yóò máa mọ ohun tó o fẹ́ jẹ. Mo sì mọ ohun tí Rédíò fẹ́. Ó ti sọ ọ́ ní ìpàdé, ó na ọwọ́ méjèèjì bí oníwàásù: "Àwọn tó ń wá kọ́ṣẹ́ nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká kó ẹ̀kọ́ wọn sórí fóònù. Ayé ti lajú." Fóònù! Ta ni yóò fi fóònù kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀? Kó jó fóònù ni? Àwọn èèyàn tó fi ọ̀sán wa ọkọ̀, tó fi ọ̀sán ránṣọ, tó gbọ́mọ sùn kí wọ́n tó wá... Bí Rédíò bá gba máìkì yẹn lónìí, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kò ní ṣe é pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀rọ̀ dídùn ni yóò fi ṣe é, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ báyìí. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ilé ìkàwé ni. Bàbá Jẹ́jẹ́ ti sọ fún wọn pé yóò máa wà ní ṣíṣí di alẹ́. Ẹ máa pàtẹ́wọ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pa á kó pẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ tiyín.

Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Bí mo bá tún gbọ́ òwe yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, màá bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí tí kò tíì fi ṣe mí lóore. Olùkọ́, aládùúgbò, àna. Kódà bàbá àwọn ọmọ mi pa á fún mi nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà, ó rò pé ìtùnú ni. "Baba" kò ṣòro fún mi! Baba, baba, baba, mo lè pè é títí ilẹ̀ á fi mọ́. "Kú" ni ẹ pa òwe tiẹ̀ fún mi.

Bàbá àwọn ọmọ mi náà nìyẹn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó gbà pé kò sí nǹkan tí wọn ò lè fi ìṣó kàn. Ó ní, "Ìwọ ṣáà dìde. Bó bá há, wúkọ́." Ikọ́! Mo ti wúkọ́ fún "kú" rí, mo wúkọ́ wúkọ́ títí nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ fi ní kí n lọ ya àwòrán àyà. Àyà mi mọ́ tónítóní. Dókítà gbé àwòrán náà sókè, ó ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó wo òkè díẹ̀, lọ́nà ọ̀fun, pé ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ níbẹ̀.

Ní ilé, orin ni mò ń kọ. Orin kì í há. "Ẹ wá jẹun o," àwọn ọmọ á gbè é, "À ń bọ̀ o, à ń bọ̀!" "Ta ló da omi sílẹ̀ o?" "Àwa kọ́ o, àwa kọ́!" Ó máa ń dùn, ilé wa kì í dákẹ́. Ṣé kí n wá máa kọrin fún gbogbo òṣìṣẹ́ ni? Kí n dúró sórí pèpéle, kí n figbe orin bọnu pé òrùlé ti dé, kí Bàbá Gètì máa gbè é lẹ́yìn?

Bàbá Gètì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, òun ni kò jẹ́ kí n ríbi sá sí. Kò sí òṣìṣẹ́ tuntun tó wọlé tí kì í sọ fún: "Ẹ wo Àǹtí Ìròyìn. Ẹ wo bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí èèyàn, kì í tètè dìde. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn." Bàbá, ẹ̀kọ́ ilé kọ́. "Kú" ni. Mi ò lè dìde níwọ̀n ìgbà tí kò tíì jáde. Orúnkún mi ti bó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn, mo wá di àpẹẹrẹ ọmọlúàbí fún gbogbo ilé wa.

"Ilé wa." Ẹ ò rí nǹkan? Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo fẹ́ máa pè é níbẹ̀rẹ̀. Kò jáde. Mo ní "ilé wa," mo sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn kí ẹnu àti ìwé má baà tako ara wọn. Báyìí, ta ni kò sọ ọ́? Àlejò kan wá bẹ̀ wá wò, ó yìn wá títí: "Ẹ mà fẹ́ràn ibi iṣẹ́ yín o, ilé lẹ̀ ń pè é!" Káńtíìnì náà ò jáde. Mo ní "ibi oúnjẹ," wọ́n ti kùn ún sára ilẹ̀kùn báyìí, IBI OÚNJẸ, gàdàgbà. Ìyá Káńtíìnì di Ìyá Wa, inú obìnrin náà sì dùn débi pé ẹran tèmi kì í kéré mọ́. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́... mo ní "ẹgbẹ́ ìrọ̀lẹ́." Mo kàn ń sá fún "k" ni o! Àwọn èèyàn náà gbà á, wọ́n sọ ọ́ di ẹgbẹ́ lóòótọ́. Wọ́n yan alága. Bẹ́nì kan bá ṣàìsàn, wọ́n á ṣètò ẹni tó máa lọ wò ó. Lọ́jọ́ tí Rédíò sọ ti fóònù yẹn nípàdé, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ bi í pé, "Ẹgbẹ́ wo lẹ fẹ́ tú ká?" Rédíò dákẹ́. Díẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n ó dákẹ́.

Dúró ná. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sá wọ̀ ni wọ́n ń gbé inú ẹ̀. Mi ò tíì rò ó báyìí rí. Mo rò pé mò ń sá fún wọn ni, wọ́n sì ń tẹ̀ lé mi bọ̀ láti ẹ̀yìn...

Ẹ̀ka iná. Ó ti dé ẹ̀ka iná. Wọ́n ti ń hó. Sísì Wáyà ti dìde, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, gèlè rẹ̀ ti wọ́. Òun ni ọ̀gá tuntun. Ó ti gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn yìí rí. Ọ̀sán, ó ń gbálẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, á bọ́ aṣọ ìgbálẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á lọ jókòó kọ́ṣẹ́ iná láàárín àwọn ọkùnrin tó ń pè é ní ìyàwó. Ó dé ọ̀dọ̀ mi nígbà kan, ó fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, èmi ò lè fọhùn, mo kàn ń wò ó. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí. Mo ti mọ ohun tí màá ṣe." Mi ò sọ nǹkan kan! Títí dòní ló ń sọ fáwọn èèyàn pé èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn.

Bóyá ohun tí ìgbìmọ̀ rí nìyẹn. Kí ni wọ́n tiẹ̀ rí? Bàbá Jẹ́jẹ́ sọ nǹkan kan lánàá, mi ò fara balẹ̀ gbọ́ ọ: "Lọ́jọ́ tí ìjì ká òrùlé, gbogbo wa ń pariwo. Ìwọ lo lọ ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ló bà jẹ́, tó o sì dúró gbọ́ ìdáhùn." Bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́, ìròyìn ti jáde: wẹ́dà ń bẹ nínú gáréèjì, aránṣọ ń bẹ ní ibi oúnjẹ, kò sẹ́ni tó pàdánù ẹ̀kọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ìyẹn, ìwé ni. Ìwé lèmi. Ẹ fi mí sílẹ̀ sínú ìwé.

Ó mọ̀ ọ́n, ṣebí? Òun ló fi mí síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá wáṣẹ́, ó bi mí lórúkọ. Orúkọ mi! Òun ló burú jù nínú gbogbo wọn, "k" náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èèyàn lè fi ilé pààrọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí lèèyàn á fi pààrọ̀ orúkọ ara ẹ̀? Mo há. Bàbá Jẹ́jẹ́ dìde, ó da omi sí kẹ́tù, ó dúró tì í títí ó fi hó, ó po tíì méjì, ó gbé ọ̀kan síwájú mi, ó jókòó. "Mò ń gbọ́." Tíì ti ń tutù kí orúkọ mi tó jáde. Kò bá mi parí ẹ. Ó kàn ní, "Orúkọ tó dáa," ó bu ṣúgà. Lẹ́yìn náà ló gbé ìròyìn lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé kí n lè ní ẹnu ló ṣe ṣe é. Èmi ni mo sọ ọ́ di ibi ìfarapamọ́. Èmi ni mo wọnú ẹ̀, tí mo ti ilẹ̀kùn.

Kí ló dé tí ibí yìí dákẹ́?

Ó ti ka ibi ìgbọ́kọ̀sí tán. Ìgbà wo? Ó ti ka gbogbo ẹ̀ tán. Ó ku gbólóhùn tí mo fi parí ẹ, èmi ni mo kọ ọ́: "Nípa Ẹgbẹ́ Ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá tuntun ni yóò sọ̀rọ̀." Ó ti kà á. Gbogbo àwọn tó ń kọ́ wọn nírọ̀lẹ́ wà ní ìlà ẹ̀yìn, Ọ̀gá Wẹ́dà tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀ wà láàárín wọn, aṣọ tí iná ti jó lójú ló wọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì níṣẹ́. Èmi lè sọ fún wọn. Kò tiẹ̀ sí "k" níbẹ̀: Ẹgbẹ́ Ìrọ̀lẹ́ wà digbí. Gbólóhùn kan ṣoṣo. "Kú ìjókòó" nìkan ló dí mi lọ́nà. Ká ní mo lè fo ìyẹn... bàtà mi ti ń yanu lápá ọ̀tún. Mo ti ní kí n gbé e lọ fún oníbàtà láti ìjẹta. Irú bàtà wo lèèyàn á wọ̀ gorí pèpéle tí...

Háà! Ilẹ̀ ni mò ń wò!

Ilẹ̀ ni mò ń wò, ó sì ń wò mí! Gbórí sókè, obìnrin yìí! Ó ti rí i. Ó ti mi orí. Ó ti yíjú sọ́dọ̀ Akápò, ó ti ń la ẹnu... Rárá, Bàbá, rárá, mi ò kọ̀, bàtà ni mò ń wò, bàtà ni, ẹ jọ̀ọ́—

Mo ti dìde.

Àga mi ti ṣubú. Ariwo ẹ̀ pọ̀. Gbogbo orí ti yí síhìn-ín. Bàbá Jẹ́jẹ́ ti pa ẹnu dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá falẹ̀ padà wàyí, ó ń na máìkì sí mi bí ẹni tó ní gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi ń lọ. Àtẹ̀gùn nìyí. Ta ló ń gbé ẹsẹ̀ yìí? Máìkì tutù, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Rédíò jókòó sí iwájú níbẹ̀ yẹn, ojú ẹ̀ ń bi mí: ṣé kí n bá yín sọ ọ́? Rárá. Ó yá, ẹnu mi, sọ ọ́.

"Ẹ."

Ó jáde. Òun máa ń jáde.

"Ẹ k—"

Ó dé. Ó ti jókòó. Ó ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Ẹ k—"

Láti kékeré, bó bá ti há báyìí, mo máa ń dijú. Mo máa ń di í pinpin títí ọ̀rọ̀ á fi jáde tàbí tí ẹlòmíì á fi bá mi sọ ọ́. Inú òkùnkùn yẹn ni mo ti ń rí wọn: tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń ṣẹ́jú síra wọn, tí àánú mi ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n lónìí mi ò jẹ́ dijú. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ojú mi bá tún kúrò lókè, Bàbá Jẹ́jẹ́ á gba máìkì ẹ̀. Ojú mi là sílẹ̀ kedere. Mò ń wò wọ́n.

Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan ń yán. Ẹnì kan ń yún etí. Ìyá Wa ti fẹ̀yìn ti àga, ó ti so ìró rẹ̀ le, ó fi ọwọ́ lé orí ikùn bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìtàn tó mọ̀ pé yóò dùn. Ọ̀gá Wẹ́dà ti rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ sábẹ́ àga kó má baà dún. Sísì Wáyà ń tún gèlè rẹ̀ wé, kò kánjú, ojú ẹ̀ ò kúrò lára mi. Bàbá Gètì ti yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ti ṣí fìlà. Ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀ sétí ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n sì ti na ìka sí i pé kó dákẹ́. Ta ló na ìka yẹn?

Rédíò ni.

Rédíò! Ó pa ẹnu mọ́, ó na ìka, ó yíjú padà sí mi, ó ń dúró. "Oo" wà lẹ́nu gbogbo wọn níbẹ̀, mo rí i, ìdáhùn ti wà ní sẹpẹ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ dá mi lóhùn kí n tó kí wọn tán.

Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyí? Ní gbogbo ìgbà? Nígbà tí mo wà lórí orúnkún níwájú Bàbá Gètì, nígbà tí mo dijú nínú gbogbo ìpàdé wọ̀nyẹn, tí mò ń bú ara mi, tí ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì... ṣé báyìí ni wọ́n ṣe jókòó tí wọ́n ń wò mí? Àyè ni wọ́n ń fún mi. Ọlọ́run mi, àyè ni! Mo ti ń sáré jáde nínú ẹ̀ láti ọjọ́ yìí bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò sì sẹ́ni tó ń lé mi.

"Ẹ k—"

Ó ṣì wà níbẹ̀. Kó máa wà níbẹ̀. Mi ò ní pààrọ̀ ẹ̀, mi ò ní wúkọ́, mi ò ní kọrin. Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti bá àwọn èèyàn yìí sọ lẹ́yìn ẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, inú mi sì dùn, ó dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ará ilé wa. Ó ń bọ̀.